Okùn Awọnlẹ̀ àti Omi Tó Ń Jẹ Ilẹ̀

 

Bí àlejò bá dé Etikan, ní agbègbè omi Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ohun tí yóò kọ́kọ́ yé e ni pé ilẹ̀ gbígbẹ kò pọ̀ níbẹ̀ bí omi ti pọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ní agbègbè náà, orí òpó igi sì ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé. Ní Ayétòrò, tí òun náà wà ní etíkun Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947, òkun ti gbé ilé, ó sì ti gbé òpópónà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú lásán díwọ̀n. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré lè di ìjà láàárín ọmọ ìyá méjì.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wo ìtàn ìmọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ti inú ilé ìwé nìkan ni, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní jiọ́mẹ́tìrì. Omi ló bí i, àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù so ó mọ́ ọ̀rọ̀ ogún, ó sì wúlò fún ẹbí tó ń pín ilẹ̀ ní Etikan lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Íjíbítì. Òpìtàn Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Herodotus, tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 400 ọdún kí a tó bí Ànábì Isa, ròyìn ohun tí wọ́n sọ fún un ní ilẹ̀ náà. Wọ́n ní ọba kan pín ilẹ̀ fún àwọn ará ìlú, ó fún olúkúlùkù ní ilẹ̀ onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún. Bí odò Náílì bá wá gbé lára ilẹ̀ ẹnì kan lọ, ẹni náà á lọ sọ fún ọba. Ọba á rán àwọn awọnlẹ̀ lọ wo iye tí omi mú, kí ìṣákọ́lẹ̀ ẹni náà lè dínkù bí ilẹ̀ rẹ̀ ti dínkù. Herodotus gbà pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ yìí ti ṣẹ̀ kí ó tó dé Gíríìkì. Ìtumọ̀ orúkọ náà, jiọ́mẹ́tìrì, ní èdè wọn kò sì ju wíwọn ilẹ̀ lọ. Okùn tí a ta ní kókó-kókó ni àwọn awọnlẹ̀ Íjíbítì ń nà lórí oko.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe ìgbà tí gbogbo nǹkan dúró sójú kan ni ènìyàn kọ́ ìwọ̀n. Ìgbà tí omi dé, tó pa ààlà rẹ́, tí ẹni tí kò ní mọ́ ṣì ń san owó ohun tó ti lọ, ni ìwọ̀n di ọ̀ranyàn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ló bí ìṣirò.

Síbẹ̀ okùn lè purọ́ bí ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò bá mọ̀ ọ́n lò. Lára ògiri tẹ́ńpìlì Edfu ní gúúsù Íjíbítì, èyí tí wọ́n kọ́ lásìkò àwọn ọba tó ń jẹ́ Ptolemy, a rí àkọsílẹ̀ ìtóbi àwọn oko tẹ́ńpìlì náà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò rẹ̀ ni pé wọ́n á ro ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra pọ̀, wọ́n á dá a sí méjì. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù. Wọ́n á wá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúró ṣánṣán, ìṣirò yìí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá dagun, irọ́ ni. Ká ní ilẹ̀ kan wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 100 ẹsẹ̀ bàtà, ṣùgbọ́n tó dagun débi pé bí a bá na okùn ṣánṣán láti etí kan dé etí kejì, 80 ni okùn náà. Ìṣirò Edfu á sọ pé ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 10,000. Òtítọ́ ibẹ̀ ni 8,000. Ẹni tó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń san owó ilẹ̀ tí kò sí láyé. Àṣìṣe náà kì í dín ilẹ̀ kù láéláé. Ńṣe ló máa ń fi kún un.

(Kí ó lè yé wa dáadáa: bí mo bá ní ìtóbi ilẹ̀ jẹ́ 8,000, ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá gé ilẹ̀ náà sí kékeré-kékeré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, 8,000 irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́.)

Nígbà tí ìmọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, wọ́n kò fi í ṣeré. Ní Bàgídáàdì, lásìkò Kálífà al-Ma'mun, ẹni tó jọba láti ọdún 813 sí 833, onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Muhammad bin Musa al-Khwarizmi. Òun ló kọ ìwé tí a ti fa orúkọ áljẹ́brà yọ. Ọ̀pọ̀ ló mọ èyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé orí kan wà nínú ìwé kan náà lórí wíwọn ilẹ̀, apá ńlá kan sì wà nínú rẹ̀ lórí pípín ogún àti ogún àfẹnusílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò kọ̀wé fún ìgbéraga. Ó ṣàlàyé fúnra rẹ̀ pé ohun tí ènìyàn nílò nínú ogún, nínú òwò, nínú ẹjọ́, nínú wíwọn ilẹ̀ àti gbígbẹ́ ojú omi ni òun ń kọ sílẹ̀. Lójú rẹ̀, ìṣirò àti ìdájọ́ òdodo kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé ti sọ ìpín olúkúlùkù. Iṣẹ́ tó kù fún wa ni kí ìpín tó wà nínú ìwé bá ìpín tó wà lórí ilẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 13, 14 àti 15. Báwo ni a ó ṣe mọ ìtóbi rẹ̀? Ó ní kí a na okùn kan láti igun òkè wá sórí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ 14, kí okùn náà dúró ṣánṣán. Okùn náà á pín 14 sí 5 àti 9, gígùn òun fúnra rẹ̀ á sì jẹ́ 12. Ẹ fi 14 sọ 12 di púpọ̀, kí ẹ dá a sí méjì: 84 ni. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé kò sí ilẹ̀ tó wọ́ tí a kò lè gé sí onígun mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ ti onígun mẹ́ta, kò sí oko etí omi, bó ti wù kí ó rí kọ́lọkọ̀lọ, tí kò lè wọ̀n.

Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn baba wa kò ṣàìní ààlà. Wọ́n ń gbin pèrègún, wọ́n ń fi odò àti igi ńlá ṣe àmì, ẹ̀rí ẹnu àgbà sì ni ìwé wọn. Èyí tó fún wọn lásìkò tí ilẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí àwọn Òyìnbó dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní ọdún 1885, ilé iṣẹ́ oníṣòwò Jámánì tó ń jẹ́ Gaiser, tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó, bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn lórí etíkun Mahin, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ yìí kan náà. Nínú ọdún yẹn kan náà ni Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣètò láàárín ara wọn ní Yúróòpù, Jámánì sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí ilẹ̀ omi wa ṣe bọ́ sínú ìwé àwọn ẹlòmíràn nìyẹn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ṣéènì wá pẹ̀lú. Edward Gunter ló ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1620: 66 ẹsẹ̀ bàtà ni gígùn rẹ̀, ó ní òrùka 100, ilẹ̀ tó bá sì gùn ní ṣéènì mẹ́wàá, tó fẹ̀ ní ṣéènì kan, ni éékà kan, ìyẹn 43,560 ẹyọ. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ wa tó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà yanjú ni Herbert Macaulay. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1890 sí 1893, ó padà wá wọn ilẹ̀ fún ìjọba ní Èkó, ní ọdún 1898 ó sì kúrò níbẹ̀, ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀.

Ní ọdún 1913 ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Amodu Tijani, tó jẹ́ Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìdẹ́jọ Èkó, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Àwọn adájọ́ Èkó ní ẹ̀tọ́ àbójútó lásán ló ní, owó rẹ̀ kò sì lè pọ̀. Olóyè náà kò gbà. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì bá a lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà níbẹ̀ dá a láre pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ rẹ̀ pátápátá, àti pé owó ohun tí ènìyàn ní ní kíkún ni kí wọ́n san. £22,500 ni wọ́n san nígbẹ̀yìn. Ẹ wo bí oyè àti okùn ṣe rìn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rí àwọn àgbà ló sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìwọ̀n ló ń sọ iye tó jẹ́. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí Etikan. Àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe lórí ilẹ̀, òun ni kí wọ́n rò pé ilẹ̀ méjì tí ọgbà wọn gùn bákan náà tóbi bákan náà. Kì í ṣe tòní. Proclus, onímọ̀ Gíríìkì kan tó gbé ayé ní ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Ànábì Isa, sọ pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi èyí tan àwọn tí wọ́n jọ ń pín ilẹ̀. Wọ́n á fún wọn ní ilẹ̀ tí àyíká rẹ̀ gùn, àwọn á mú èyí tí àyíká rẹ̀ kúrú ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù, gbogbo ènìyàn á sì máa yìn wọ́n pé olóòótọ́ ni wọ́n.

Ẹ wò ó fúnra yín. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní 60 ẹsẹ̀ bàtà, tó gùn ní 120, ni ọ̀pọ̀ ń pè ní púlọ́ọ̀tì kan. Àyíká rẹ̀ jẹ́ 360, ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 7,200 ẹyọ. Èyí tó jẹ́ 90 lọ́nà 90 ní àyíká 360 bákan náà, ṣùgbọ́n ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 8,100. Èyí tó jẹ́ 30 lọ́nà 150: àyíká 360, ìtóbi 4,500. Èyí tó jẹ́ 10 lọ́nà 170: àyíká 360, ìtóbi 1,700 péré. Owó ọgbà kan náà ni a ó ná lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Búlọ́ọ̀kù tí a ń lò jù gùn ní ínṣì 18, ó sì ga ní ínṣì 9. Fún 360 ẹsẹ̀ bàtà, ìpele kan á gba búlọ́ọ̀kù 240. Bí ọgbà náà á bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ìpele 8 ni, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,920. Owó búlọ́ọ̀kù ń yí padà láti ọjà dé ọjà. Iye búlọ́ọ̀kù kò yí padà. Ẹni tó bá ti ṣírò rẹ̀ nílé, bíríkìlà kò lè fi ojú díwọ̀n fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ogún nìyí. Ká ní bàbá kan ní Etikan jáde láyé, ó fi púlọ́ọ̀tì kan yìí sílẹ̀, 60 lọ́nà 120. Ọ̀nà ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ gígùn kan kọjá, omi sì wà ní ẹ̀gbẹ́ gígùn kejì, níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, kò sì jẹ gbèsè. Gẹ́gẹ́ bí òfin ogún Ìsìláàmù, ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ: 900 ẹyọ. Ó ku 6,300. Ọmọkùnrin ní ìlọ́po méjì ọmọbìnrin, nítorí náà a ó pín in sí ọ̀nà márùn-ún: ọmọbìnrin á gba 1,260, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan á gba 2,520. Bí a bá rò wọ́n pọ̀, 7,200 ni. (Àwọn tó ń pín ogún ní ìdí igi tàbí ní orí-ò-jorí á rí iye mìíràn, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kan àwọn náà.)

Gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí ìpín. Ó wá ku ìbéèrè kan tí a kì í sábà bi ara wa: ìhà wo ni kí a na okùn sí?

Bí a bá na án ní gígùn ilẹ̀, ìpín ìyàwó á gùn ní 120, á sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àbọ̀. Ta ló lè kọ́ yàrá kan tó ní ògiri àti ọ̀nà àbákọjá sórí ẹsẹ̀ bàtà 7 àbọ̀? Bí ó bá fẹ́ mọgbà yí i ká, 255 ẹsẹ̀ bàtà ni yóò mọ. Àwọn méjì tó bọ́ sí àárín kò rí ọ̀nà, wọn kò sì rí omi. Ṣùgbọ́n bí a bá na okùn ní ìbú ilẹ̀, láti ojú ọ̀nà dé etí omi, ìpín ìyàwó á jẹ́ 15 lọ́nà 60, ti ọmọbìnrin 21 lọ́nà 60, ti ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan 42 lọ́nà 60. Ìtóbi wọn kò dínkù ní ẹyọ kan. Olúkúlùkù ní ọ̀nà níwájú, ó ní omi lẹ́yìn. Ọgbà ìyàwó di 150. Ọgbà gbogbo ẹbí, tìta àti ti ààlà àárín, á jẹ́ 540 dípò 720. 180 ẹsẹ̀ bàtà ló yọ, ìyẹn búlọ́ọ̀kù 960. Níbi tí ilẹ̀ bá sì rọ̀, tó jẹ́ òpó igi la ó rì sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà-mẹ́fà, òpó 30 ló yọ. Bí a bá tilẹ̀ fi etí omi sílẹ̀ láìmọgbà nítorí ọkọ̀, 180 yẹn kò yẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí Náílì. Ká ní omi dé, tó jẹ ẹsẹ̀ bàtà 5 lára ilẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ etí omi. Bí ó bá jẹ́ pé gígùn ni a na okùn sí, tí ìpín ìyàwó sì bọ́ sí etí omi, ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ ló kù fún un nínú 7 àbọ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ogún rẹ̀ ti bómi lọ, àwọn yòókù kò sì pàdánù ohunkóhun. Kò sí ẹni tó jà á lólè, ìwé ìpín sì pé, síbẹ̀ opó náà kò ní ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbú ni a na okùn sí, ìyàwó á pàdánù 75 nínú 900, ọmọbìnrin 105 nínú 1,260, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan 210 nínú 2,520. Ìdá kan nínú méjìlá ni ti olúkúlùkù. Bí a ti pín ogún ni omi ṣe pín àdánù. Ohun tí ọba Íjíbítì ń rán awọnlẹ̀ lọ ṣe lẹ́yìn tí omi ti lọ, ìlà tí a fà dáadáa á ti ṣe é sílẹ̀ kí omi tó dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé nìyí. Ìpín tó tọ́ nínú ìwé lè di àbòsí lórí ilẹ̀, bí a kò bá bìkítà nípa ìhà tí okùn kọjú sí. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀, nínú hádíìsì tí Bùkhárí àti Múslímù gbà wá, pé ẹni tó bá fi àbòsí gba ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lára ilẹ̀ ẹlòmíràn, ilẹ̀ méje ni a ó fi kọ́ ọ lọ́rùn lọ́jọ́ Àjíǹde. Bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ bá wúwo tó bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún?

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ wọn ilẹ̀ kí ẹ tó pín in, ẹ pín in kí ẹ tó mọgbà. Ẹ jẹ́ kí òpó ààlà kan wà lọ́nà jínjìn sí omi, tí a ó fi máa mọ ibi tí ìlà gbà bí ti etí omi bá lọ. Ẹ pe awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ kí ó ya àwòrán ilẹ̀ náà. Kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, mú orí okùn kejì lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní etí omi Ìlàjẹ, ẹni tó bá wọn ilẹ̀ dáadáa lónìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣì jọ máa jẹun pọ̀ lọ́la.